Òpè Gbọdọ̀ Fọhùn: Àlàyé lórí Eré Pickleball Ẹlẹ́ni-Méjì

Yóò ya ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lẹ́nu pé nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, níbi tí a ti máa ń ka àlàyé lórí oríkì, lórí ọnà èdè àti lórí àṣà ìgbéyàwó, ẹnì kan tún gbé ọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà dé. Ẹ má ṣe bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò jìnnà sí ilé. Gbogbo wa ni a mọ ayò ọlọ́pọ́n. A mọ̀ pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni à ń pè ní ọ̀ta, tí a sì ń pe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ní òpè. Bí ènìyàn bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta á, yóò kí ọ̀ta, yóò sì kí òpè, ṣùgbọ́n ọ̀ta nìkan ni ó ní ẹnu láti dáhùn. Òpè kò gbọdọ̀ fọhùn. Nínú ayò, ọ̀ta àti òpè dojú kọ ara wọn ni. Ọ̀kan ń jẹ, èkejì ń pàdánù, àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀ta àti òpè bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tí wọ́n jọ dojú kọ àwọn méjì mìíràn, tí ó sì jẹ́ pé bí òpè bá ti pàdánù, ọ̀ta náà ti pàdánù nìyẹn?

Orúkọ eré tí mo ń wí ni pickleball. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Houston ni ó mú un wọ ilé wa. Ó wá sílé fún ìnáwó òkú ìyá wa àgbà, nígbà tí ó sì tú àpótí rẹ̀, pátákó pẹlẹbẹ mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ yọ kí ó tó yọ aṣọ. Àwọn pátákó náà tóbi ju ti tẹ́nìsì orí tábìlì lọ, wọn kò sì ní okùn bíi ti ràkẹ́ẹ̀tì. Ó tún yọ bọ́ọ̀lù oníke mẹ́fà tí wọ́n dá ihò sí lára yíká bí ajere. Màmá wa wò wọ́n títí, ó ní, "Ṣé ìwọ̀nyí ni o rù la òkun kọjá?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ dúró ná, Mọ̀mí. Àwọn tí wọ́n jù yín lọ dáadáa ni a jọ ń gbá a lọ́hùn-ún."

Òótọ́ ni ó sọ, nítorí pé eré ìdílé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1965, ní erékùṣù Bainbridge ní ìpínlẹ̀ Washington, Joel Pritchard, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bill Bell, ti ibi tí wọ́n ti lọ gbá golf dé, wọ́n sì bá àwọn ará ilé wọn tí wọ́n jókòó láìrí nǹkan kan ṣe. Pápá badminton àtijọ́ kan wà ní àgbàlá Pritchard. Wọ́n wá ohun èlò badminton, wọn kò rí i kó pé. Ni wọ́n bá mú pátákó tẹ́nìsì orí tábìlì àti bọ́ọ̀lù oníke onihò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Gíga àwọ̀n wọn jẹ́ 60 íǹṣì ní ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti badminton. Nígbà tí wọ́n rí i pé bọ́ọ̀lù náà ń ta dáadáa nílẹ̀, wọ́n sọ àwọ̀n kalẹ̀ di 36 íǹṣì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ wọn kan, Barney McCallum, dara pọ̀ mọ́ wọn, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ṣe òfin eré náà. Eré tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ ṣe ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Washington fi òfin sọ ọ́ di eré ìdárayá ìpínlẹ̀ náà.

Àwa Yorùbá a máa wí pé ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ eré yìí ni ó mú mi ronú jù. Àwọn kan ń sọ pé orúkọ ajá Pritchard, Pickles, ni wọ́n fi pè é. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà nínú ẹgbẹ́ tí ń darí eré náà ní Amẹ́ríkà rí i pé ọdún 1968 ni wọ́n bí ajá náà. Nítorí náà ajá ni ó jẹ́ orúkọ eré, kì í ṣe eré ni ó jẹ́ orúkọ ajá. Ìyàwó Pritchard, Joan, ni ó sọ eré náà lórúkọ. Nínú ìdíje ọkọ̀ wíwà, ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ pickle: ọkọ̀ tí wọ́n fi àwọn awakọ̀ tí ó ṣẹ́kù lára àwọn ọkọ̀ yòókù kún. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ mú ni wọ́n kó jọ pé kí wọ́n máa wà á. Joan wo eré tí wọ́n bu díẹ̀ lára badminton, díẹ̀ lára tẹ́nìsì, díẹ̀ lára tẹ́nìsì orí tábìlì ṣe, ó sì rántí ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún mi pé orúkọ kì í ro ọmọ.

Ìwọ̀n pápá rẹ̀ bá ti badminton ẹlẹ́ni-méjì mu rẹ́gí: ẹsẹ̀ bàtà 44 ní gígùn, 20 ní ìbú. Èyí ni ó jẹ́ kí ó rọrùn fún wa. A kàn tú okùn àwọ̀n badminton ilé-ẹ̀kọ́ wa, a sọ ọ́ kalẹ̀ di 36 íǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti 34 ní àárín. Ìlà iwájú badminton wà ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ààbọ̀ sí àwọ̀n. Ti pickleball wà ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Nítorí náà ṣọ́ọ̀kì ni a fi fa ìlà tuntun ní íǹṣì 6 lẹ́yìn ti àtijọ́, òjò a sì máa wẹ̀ ẹ́ nù, a ó tún un fà.

Òfin eré náà pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kan ọ̀rọ̀ wa ni n ó mẹ́nu bà. Láti ìsàlẹ̀ ni ẹni tí ó ń ṣíde ti máa ń gbé ọwọ́ wá, yóò sì gbá bọ́ọ̀lù ní ìdábùú sí igun kejì. Kò sí bọ́ọ̀lù ìṣíde tí ń dún bí ìbọn, irú èyí tí à ń rí nínú tẹ́nìsì. Bọ́ọ̀lù ìṣíde yìí gbọdọ̀ ta nílẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà, èyí tí wọ́n dá padà náà sì gbọdọ̀ ta nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣíde. Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn tó lè máa gbá a lófuurufú. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 7 tí ó wà níwájú àwọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ilé ìdáná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró nínú ilé ìdáná, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ tẹ ìlà rẹ̀, kí ó sì gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì ta nílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ta níbẹ̀, ó lè wọlé lọ gbá a. Àmì 11 ni a ń gbá a sí, ẹ̀gbẹ́ tí yóò borí sì gbọdọ̀ fi méjì ju èkejì lọ. Ní ìlànà àtijọ́ tí àwa ń lò, ẹ̀gbẹ́ tí ó ń ṣíde nìkan ni ó lè jẹ àmì.

Ẹ wo ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ń ṣe. Wọ́n gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ọ̀ta. Kò lè fi bọ́ọ̀lù ìṣíde nìkan pa ènìyàn. Kò sì lè sáré lọ rọ̀ mọ́ àwọ̀n kí ó máa lu bọ́ọ̀lù mọ́ òpè láyà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá kò ní ilẹ̀ púpọ̀ tí yóò sáré lé lórí: ìbú 20 tí a pín sí méjì, ẹsẹ̀ bàtà 10 péré ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pápá tẹ́nìsì ẹlẹ́ni-méjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 78 sí 36. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta pápá yìí lọ. Ìdí nìyí tí ẹni ọgọ́ta ọdún àti ẹni ogún ọdún fi lè jọ wà lórí pápá kan tí yóò sì jẹ́ eré.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹni mẹ́rin bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, gbogbo wọn ti mọ ẹni tí ó jẹ́ òpè. Láti ìgbà náà lọ, bí àwọn tí ń bẹ lódì kejì bá fẹ́ borí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò máa gbá bọ́ọ̀lù sí. Ọ̀ta yóò dúró bí òpó, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa yún un. Nínú tẹ́nìsì orí tábìlì tí àwa ń gbá ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, òfin ti yanjú èyí: bí èmi bá gbá, ẹnìkejì mi ni ó gbọdọ̀ gbá èyí tí ó bá tẹ̀lé e, ìbáà mọ̀ ọ́n gbá, ìbáà má mọ̀ ọ́n gbá. Ọ̀ta kò lè gba iṣẹ́ òpè ṣe. Nínú pickleball, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti la àwọ̀n kọjá, ẹni tí ó bá yá nínú àwọn méjèèjì lè gbá a. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà.

Mo ti jẹ́ òpè, mo sì ti jẹ́ ọ̀ta, láàrin oṣù mẹ́ta péré. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí wọ́n ti ń gbá badminton tẹ́lẹ̀ ni a bá gbá a. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi bọ́ọ̀lù kankan sílẹ̀. Bí ó bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, n ó gbọ́ "Fi sílẹ̀!", n ó sì rí ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú mi. A borí, 11 sí 6. N kò rò pé ọwọ́ mi kan bọ́ọ̀lù ju ìgbà mẹ́wàá lọ nínú gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé nígbà tí bọ́ọ̀lù kan bá jàjà dé ọ̀dọ̀ mi tí ẹ̀gbọ́n mi kò lè débẹ̀, ara mi á ti le gbagidi, n ó máa retí "Fi sílẹ̀!" títí bọ́ọ̀lù yóò fi kọjá lára mi. Òun yóò wá gbé ojú sókè ọ̀run. Wọ́n kí wa pé a kú oríire. Mo ń dáhùn, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí èmi borí.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sí Houston, ó fi pátákó sílẹ̀ fún mi. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbá a ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oṣù méjì sì fi máa kọjá, èmi náà ti di ọ̀ta láàrin wọn. Bí a ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ni ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ń kọjá lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé òun náà yóò ka àròkọ yìí. Ó dúró wò wá, ó béèrè ohun tí a ń ṣe, ó bọ́ bàtà aláwọ rẹ̀, ó lọ mú kánfáàsì nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kò gbá irú rẹ̀ rí. Wọ́n fi òun àti èmi sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì méjì sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àwọn ọmọ náà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí olùkọ́ rárá, nítorí ìbẹ̀rù máàkì. Nígbà tí eré wọ̀ wọ́n lára tán, wọ́n gbàgbé máàkì. Bọ́ọ̀lù ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bí òjò. Èmi wá rò pé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ni ó tọ́ kí èmi náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni n ó fi wí fún olùkọ́ mi pé "Fi sílẹ̀"? Bí mo bá sì ní kí n sọ ọ́ bí ó ti yẹ, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀, sà", bọ́ọ̀lù yóò ti ta lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé "sà". Nítorí náà mo dákẹ́, mo ń já bọ́ọ̀lù gbà níwájú rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kan, òun náà na ọwọ́ sí bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ sí àárín, èmi náà na ọwọ́, etí pátákó mi sì bà á ní ìka. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kí bọ́ọ̀lù tó dúró ni mo ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

A pàdánù, 11 sí 4. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́. Ó jókòó sórí pèpéle, ó ń fọwọ́ ra ìka, ó wá bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń wí nídìí ayò? Òpè kò gbọdọ̀ kí ni?" Mo ní, "Fọhùn, sà." Ó ní, "Ó dára. Ìwọ ọ̀ta ńkọ́? Ta ni ó di ìwọ lẹ́nu?"

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ eré náà bí ẹni ń ro iṣẹ́ kíláàsì. Ohun tí ó kọ́kọ́ yé mi ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ nídìí eré yìí a máa ké sí ara wọn ṣáá: ti ta ni, fi sílẹ̀, ó ń jáde lọ. Lédè wa, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ gùn ju eré lọ. Olùkọ́ mi ni ó dá a lábàá pé kí á fi "sà" sílẹ̀ lẹ́bàá pápá pẹ̀lú bàtà aláwọ òun, kí á padà wá mú un bí a bá ṣe tán. "Tèmi" àti "Tiyín" kò ju sílébù méjì-méjì lọ, ó ní ọ̀wọ̀ sì wà nínú "Tiyín" tó. Ohun tí ó tún dà á rú ni bọ́ọ̀lù tí ó bá ń lọ sẹ́yìn ìlà. Lọ́jọ́ kan mo kígbe "Jáde!", ó dúró, ó yíjú sí mi. Bọ́ọ̀lù ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lójijì lè rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń lé olùkọ́ síta. Ní báyìí "Ìta!" ni a ń ké. N kò tíì rí ibi tí ìwé gírámà kankan ti sọ̀rọ̀ lórí èyí.

Èkejì ni bọ́ọ̀lù àárín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àmì ń gbà sọnù, nítorí pé bí méjèèjì kò bá sáré sí i, méjèèjì á fi í sílẹ̀ fún ara wọn. Bí àwọn méjèèjì bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí ó dúró lápá òsì ni àárín wà ní ọ̀tún rẹ̀, òun ni ó sì yẹ kí ó gbá a. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ fi máa ń fẹ́ kí ọ̀ta dúró lápá òsì. Ṣùgbọ́n nínú òfin, bí ẹ̀gbẹ́ tí ó ń ṣíde bá jẹ àmì, ẹni tí ó ṣíde àti ẹnìkejì rẹ̀ gbọdọ̀ pààrọ̀ apá kí ó tó tún ṣíde, nítorí náà òpè náà yóò wà lápá òsì láìpẹ́. Àwọn ọ̀jáfáfá ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yí padà bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣíde tán, òfin kò sì kọ̀ ọ́. Àwa dán an wò lẹ́ẹ̀kan, a kọlu ara wa, a fi í sílẹ̀. Ó sàn kí òpè gbá bọ́ọ̀lù àárín tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí ó sì kígbe pé tòun ni.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó pẹ́ kí ó tó yé mi, òun ni mo sì kà sí jù. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé bí ọ̀ta ṣe ń dáàbò bo òpè ni kí ó máa gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sáré lọ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ti ṣófo lẹ́yìn mi nìyẹn, ibẹ̀ ni èyí tí ó tẹ̀lé e yóò bọ́ sí. Ohun tí ọ̀ta fi ń dáàbò bo òpè ni bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ gbá. Bí èmi bá gbé bọ́ọ̀lù lọ sókè, ẹni tí ó wà lódì kejì yóò lù ú wálẹ̀, kì í sì í ṣe èmi ni yóò lù ú sí. Mo ti jẹ̀bi, ẹlòmíràn ni wọ́n nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá rọra fi í sínú ilé ìdáná wọn, kí ó ta nílẹ̀ jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ àwọ̀n, kò sí bí wọ́n ṣe lè lù ú. Láti ìsàlẹ̀ ni wọn yóò ti gbé e wá, yóò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo yẹ ara mi wò dáadáa, mo rí i pé nínú àwọn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń lu olùkọ́ mi, èmi ni mo gbé ọ̀pọ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Òpè náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù ìṣíde rẹ̀ sáà ti bọ́ sínú pápá. Kò sí ẹni tí ó ń bèèrè pé kí ó le. Bí ó bá ń dá ti ẹlòmíràn padà, kí ó gbé e sókè díẹ̀, kí ó jìnnà lọ sẹ́yìn pápá wọn. Nígbà tí bọ́ọ̀lù náà bá ṣì wà lófuurufú, òun yóò ti ráyè rìn wá síwájú títí dé ìlà ilé ìdáná, kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ lè jọ dúró ní ìlà kan bí ẹni mú okùn kan lọ́wọ́. Àwọn òpè fẹ́ràn láti máa dúró sẹ́yìn nítorí ẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ṣòro jù, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ni bọ́ọ̀lù yóò máa bọ́ sí. Olùkọ́ mi kò yá lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n nídìí ìlà yìí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju tèmi lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ń fi agbára lé bọ́ọ̀lù. Òun a fi sùúrù gbé e sínú ilé ìdáná bí ẹni ń gbé ẹyin.

Ohun kan tún wà tí ọ̀ta gbọdọ̀ yẹra fún: kíkọ́ ẹnìkejì lẹ́kọ̀ọ́ láàrin eré. Lẹ́yìn gbogbo àṣìṣe, "Ẹ tẹ orúnkún", "Ẹ má wo èmi, ẹ wo bọ́ọ̀lù". Ẹni tí ó ń ronú nípa orúnkún kò ní rí bọ́ọ̀lù. Bí ó bá béèrè, kí a sọ ọ́ nígbà tí a bá jókòó.

Ní ti àwọn tí wọ́n wà lódì kejì, mo bi ẹ̀gbọ́n mi lórí tẹlifóònù pé ṣé ó dára kí wọ́n máa gbá gbogbo bọ́ọ̀lù sí òpè. Ó ní bí ó bá jẹ́ ìdíje tí a ń tìtorí ife ẹ̀yẹ gbá, kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ pápá ìta gbangba lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí ó bá dé yóò fi pátákó rẹ̀ sí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn yòókù, àwọn mẹ́rin tí pátákó wọn bá wà níwájú ni yóò sì wọlé gbá, bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, bí wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n a máa fi iye díwọ̀n ènìyàn, 2.0 fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, títí dé 5.0 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ pátákó tí ó wà nílẹ̀ kò mọ iye olówó rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lu òpè nìkan níbẹ̀, ó ní, wọn kì í bá a jà. Wọn kàn máa ń rí i pé àwọn ní iṣẹ́ láti ṣe nílé nígbà tí ó bá kàn wọ́n láti bá a gbá. Mo sì mọ irú ẹ̀rín tí ó ń rín nígbà tí ó sọ èyí. Mo wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó rántí ọjọ́ tí èmi àti òun kọ́kọ́ jọ gbá a. Ó ní òun rántí pé a borí.

Èmi àti olùkọ́ mi tún bá àwọn ọlọ́dún kejì wọ̀nyẹn pàdé ní ìparí sáà. Wọ́n ti yá sí i. Wọ́n ṣì ń gbá a sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń padà lọ bá wọn. Bí ó bá padà tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn a kánjú, a gbá a sókè, n ó sì rí tèmi lù. A wà ní 9 sí 9. Àwọn ni wọ́n ṣíde, wọ́n jẹ ọ̀kan, ó di 10 sí 9. Bọ́ọ̀lù kan wá bọ́ sí àárín, lókè díẹ̀, ibi tí ọwọ́ mi tó o dáadáa. Mo ti gbé ẹsẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ "Tèmi!" létí mi, ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ ní kíláàsì. Mo dúró. Ó lù ú. Bọ́ọ̀lù kọlu ẹnu àwọ̀n, ó rọra bọ́ padà sọ́dọ̀ wa. A pàdánù, 11 sí 9. Ó ní, "Tèmi náà ni," ó sì lọ wọ bàtà rẹ̀.

Pátákó mẹ́ta ni ó kù nísinsìnyí, ìkẹrin ti là ní ọrùn, a fi téèpù wé e. Ọjọ́bọ̀ ni à ń gbá a, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bí òjò kò bá rọ̀. Ẹni tí ó bá ń bọ̀, kí ó mú ṣọ́ọ̀kì dání.